Àpá Irin Ìlọṣọ

Adájọ́ gba ọmọ aránṣọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irọ́. Ọkọ rẹ̀ ló pa irọ́ náà. Ó ní ìyàwó òun fi irin ìlọṣọ jó ọmọ wọn lápá òsì. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí irin jó ọmọ, aránṣọ ò sí nílé. Ó lọ wọn aṣọ fún oníbàárà. Ọkọ rẹ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Adájọ́ bi ọmọ ọlọ́dún márùn-ún náà pé, "Ta ló jó ọ?" Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Màmá ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá kó ọmọ lọ sí ìlú mìíràn.

Aránṣọ ń ránṣọ lọ. Bí ẹnì kan bá ní kó dárí ji ọkọ rẹ̀, á ní, "Mo ti gbọ́," á sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wọ́n tún béèrè ọ̀rọ̀ yẹn nílé ẹjọ́, kí òun sì wà níbẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀dọ́bìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò mú aṣọ dání.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀yin ni mò ń wá."

"Bó bá jẹ́ aṣọ kíákíá ni, mi ò gbà. Àwọn tó gbé kíákíá wá lóṣù tó kọjá, wọn ò tíì wá gbà á."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ìwé ẹjọ́ méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ti gbó, èkejì ṣì ń rùn tuntun.

"Mo rí èyí tó gbó nísàlẹ̀ àpótí ọkọ mi. Orúkọ yín ló wà nínú ẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé ẹ ti kú."

"Irọ́ yẹn náà ti dàgbà," aránṣọ wí. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka orúkọ ọkùnrin tó wà lókè ìwé tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ọmọ. Ó ní ìyàwó náà fi irin ìlọṣọ jó ọmọ. Aránṣọ ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì. Àyàfi pé ìwé tuntun ò dárúkọ apá tí irin jó, gbólóhùn kan ò yàtọ̀ sí èkejì.

"Bébà àtijọ́ ló fi gé aṣọ tuntun," ó ní. "Ṣé irin jó ọmọ lóòótọ́?"

"Ó jó o, mà. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Òun ló wà nílé."

"Apá òsì?"

"Apá ọ̀tún."

"Ìyẹn nìkan ló yí padà."

"Màmá, ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ gbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la tún máa padà sílé ẹjọ́. Lọ́yà mi ní a ò ní ẹlẹ́rìí."

Aránṣọ ká àwọn ìwé náà. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ni ò ní bàtà, ló ṣe pẹ́ lọ́nà. Lọ sọ fún lọ́yà pé ẹlẹ́rìí ti dé."

"Ẹ ò ní bẹ̀rù ẹ̀?"

"Ebi ń pa ẹnì kan, o ń bi í bóyá ó máa jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, aránṣọ lọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fáànù yàrá ẹjọ́ ò yí. Ọkùnrin náà jókòó níwájú, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Irun rẹ̀ dúdú kirikiri; ti aránṣọ ti di òwú. Ejìká yẹn náà ni. Bó ṣe ń fa etí kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí aránṣọ kọjá níwájú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo àga. Kò dá a mọ̀. Inú aránṣọ dùn sí i.

Ọkùnrin náà fa etí, ó dìde, ó rojọ́. "Ẹni tó lè fi irin jó ọmọ tó bí, Olúwa mi, kò yẹ kó tọ́ ọmọ." Aránṣọ mọ gbogbo ibi tó ti máa dánu dúró. Ó ń bá a kà á lábẹ́ ètè.

Lọ́yà pe ẹlẹ́rìí. Aránṣọ bọ́ síwájú tòun ti téèpù tó fi ń wọnṣọ lọ́rùn. Ó búra.

"Kí lẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, màmá?" adájọ́ bi í. Obìnrin ni adájọ́ náà.

"Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mà. Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ bi."

"Ẹlẹ́rìí kì í béèrè. Wọ́n máa ń bi í ni."

"Mo ti dákẹ́ tó, mà. Ẹyọ kan péré ni."

Adájọ́ wo àwọn lọ́yà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. "Ẹ béèrè."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta tiẹ̀ ni màmá yìí?"

"Ká ọwọ́ òsì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ sókè, ọmọ mi, kí adájọ́ rí àpá tó wà níbẹ̀," aránṣọ wí, "bàbá ẹ ò sí níbí lónìí tí wàá máa wo ojú ẹ̀, torí náà dá èmi tí mo bí ọ lóhùn: ta ló jó ọ?"