Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ́ Ìpè

Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ wáyà tẹlifóònù ilé wa, kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè máa fi kọ̀ǹpútà tiwọn pè é láti wo àwòrán ilé bàbá wa. Mo ṣètò rẹ̀ pé kó máa gbé ìpè fúnra rẹ̀ ní kété tó bá ti dún.

Ìyá mi kọ̀ ọ́. "Adétòrò, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí, àfi tó bá pè lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ lásán ni, Màámi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dún. Ẹ̀rọ gbé e, ó han gooro bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń han lórí wáyà tẹlifóònù. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ẹni tó pè náà kọ́kọ́ ṣí àwòrán pálọ̀, lẹ́yìn náà ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá ń béèrè ti yàrá ìyá mi. Mi ò ya àwòrán yàrá yẹn rí.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, mo sì fa wáyà náà yọ lára ògiri.

Wáyà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kejì, tó sì gbé e. Pálọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ìyá mi.

Mo ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà ò dún mọ́. Ohùn ìyá mi ni mo gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀, tó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Òo. Mo ń bọ̀."