Ìṣẹ́jú Kan fún Ìyá Ẹgbẹ́

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́.

Obìnrin dúdú ni gbogbo wa, àwòrán ìyá ẹgbẹ́ wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì wa: ọmọge onírun kíkún bí igbó, tó na ẹ̀ṣẹ́ sókè.

"Ọlọ́pàá ṣẹ́ ìka ìyá wa," ni ààrẹ ń sọ lórí pèpéle, "síbẹ̀ ìyá ò dárúkọ ẹnì kankan nínú wa fún wọn. Obìnrin kì í ta obìnrin bíi tiẹ̀."

Mo pàtẹ́wọ́.

Ó rí mi. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó fẹnu sí mi létí.

"Màmá, ṣebí a ní kẹ́ ẹ jókòó sílé. Àbí ẹ tún wá bá wa jiyàn ni?"

"Mo kàn ní kí n wá wò yín ni."

"Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o."

Ó padà lọ gba máìkì.

"Ẹ jẹ́ ká dìde fún ìṣẹ́jú kan. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá wa sáfẹ́fẹ́ rere."

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún. Ó fà mí dìde.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Mo wo àwòrán àyà rẹ̀. Èmi ni, lọ́dún tí irun mi ṣì dúdú.

Ààrẹ ń wò mí látòkè.

Mo ki ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ́ ìka rẹ̀ bọ àpò, mo tẹrí ba.

Òkú kì í jiyàn.