Báàgì Tí Olè Ò Lè Ṣí

Àpèkẹ́ já wọ ṣọ́ọ̀bù Súbérù ní Rio, ní ilẹ̀ Brazil, bí ìjì, ó ju báàgì ẹ̀yìn tuntun sílẹ̀.

"Báàgì tí olè ò lè ṣí, àbí? Ẹ kú iṣẹ́ o, Alájì! Wọ́n ti yọ fóònù mi nínú takisí."

Súbérù yẹ̀ ẹ́ wò. Sípù ò ya. Ó ṣì fara pamọ́ sápá ẹ̀yìn báàgì, níbi tí olè ò ti lè rí i.

"Ta ló jókòó tì yín?"

"Àwọn ará ìlú yìí ni! Mo gbá báàgì mọ́ àyà nítorí wọn. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọlúàbí gidi. Ó tiẹ̀ yin báàgì yín."

"Ó yìn ín?"

"Ó ní òun náà á ra irú ẹ̀. Ni mo bá..."

Àpèkẹ́ tẹjú mọ́ sípù náà.

"Ni ẹ bá ṣe kí ni, àǹtí?"

"Ni mo bá fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i hàn án."