Ọmọ Afrakoma Ti Ítálì Dé

Irọ́ ni Afrakoma fi ń ṣe ẹwà. Bí obìnrin mìíràn ṣe ń lé tìróò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lé irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀, pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà bá kan Twumasi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ní Nkwaeso, ìlú àwọn olóko kòkó ní ilẹ̀ Gánà, kò sí ẹni tí kò tíì fi ọmọ náà yangàn fún.

Nígbà tí orí Twumasi dàrú, tó ń bá igi kòkó ṣe àríyànjiyàn, inú oko ló wà, ìyá rẹ̀ nìkan ló rí i. Ìyá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ létí òkun, níbi tí ará Nkwaeso kì í dé. Bó ṣe padà dé ni Birago, tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín ilé àwọn méjèèjì, béèrè ọmọ.

"Ó ti lọ sí Ítálì," ni Afrakoma dáhùn.

"Ítálì? Láìdágbére?"

"Bàálù kì í dúró de ìdágbére. Ìwọ tí ọmọ tìẹ ò tíì kọjá Kumasi, báwo lo ṣe máa mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni irọ́ ti ń bímọ. Afrakoma a lọ sí ìsọ̀ òkìrìkà, èyí tí wọ́n ń pè ní "òyìnbó ti kú" níbẹ̀, a ra kóòtù, a sì pín in fún àwọn àgbà ilé pé Twumasi ló fi ránṣẹ́. Gyamera, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, gba ọ̀kan tó nípọn bíi tìmùtìmù. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú nínú oòrùn, ó ń làágùn, ó sì ń súre fún ọmọ tó wà lókè òkun. Bí Afrakoma bá padà wọ yàrá, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pé ara Twumasi ti yá, kí ìyá rẹ̀ wá mú un. Ká ní ó fẹ̀sọ̀ mú ọmọ wọlé ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ó kéde pé ọmọ òun ń ti Ítálì bọ̀, ó sì ní kí gbogbo àgbà ilé jókòó dè é.

Ní ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ilé ìwòsàn, ó yọ kóòtù kan síta.

"Wọ èyí."

"Máàmé, ooru ń mú mi."

"Òtútù ń mú ọ. Ítálì lo ti ń bọ̀."

Twumasi wò ó. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ wá wò mí, tẹ́ ẹ fi ìborùn bojú bí ẹni tó wá jalè. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni, Máàmé. Irọ́ yìí wúwo jù fún mi."

"Tó o bá dárúkọ ilé ìwòsàn nílé, ibẹ̀ náà ni màá dá ọ padà sí. Èmi ò bí wèrè."

Ọ̀rọ̀ náà gún un wọ egungun. Ó wọ kóòtù.

Nígbà tí wọ́n dé, àwọn àgbà ti jókòó. Twumasi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ láti apá ọ̀tún lọ sí òsì, wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì fún un lómi. Ní ilẹ̀ wọn, a kì í bi ẹni tó ti ọ̀nà dé léèrè ohunkóhun kó tó mu omi. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu ún tán, dandan ni kí wọ́n béèrè ìròyìn ìrìnàjò rẹ̀, dandan sì ni kó dáhùn létí gbogbo ìjókòó. Afrakoma tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àwọn àgbà jọ ti rò pé òun ni òun máa dáhùn.

"Níbí, àlàáfíà ni," ni Gyamera wí. "Ẹ̀yin lẹ rìn. Kí ni ọ̀nà wí?"

Afrakoma dìde. "Ẹ̀gbọ́n, Ítálì yẹn..."

"Jókòó. Ṣé ìwọ lo wọ bàálù? Ẹni tó rìn ló mọ ìrìn. Twumasi, sọ̀rọ̀."

Birago yọ orí lókè ògiri. "Kó kọ́kọ́ fi èdè wọn kí wa ná."

Ìyá fi ojú gún ọmọ. Ọmọ bọ́ kóòtù, ó ká a, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Wọ̀fá," ó ní, bí wọ́n ti ń pe arákùnrin ìyá ẹni, "mi ò mọ ọ̀nà Ítálì. Orí mi ló dàrú. Ilé ìwòsàn ni mo wà láti ọjọ́ yìí, wọ́n tọ́jú mi, ara mi sì ti yá. Máàmé ní tí mo bá sọ ọ́, àwọn á dá mi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí sílé."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Gyamera wo kóòtù tó wà lọ́rùn tirẹ̀. "Kóòtù yìí ńkọ́?"

"Mi ò rí i rí, Wọ̀fá."

"Òyìnbó tó ni ín ti kú tipẹ́," ni Birago wí. "Ẹ tiẹ̀ ṣọ́ra, bóyá ó ń wá a."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀, ṣùgbọ́n Gyamera ò rín. Ó bọ́ kóòtù, ó jù ú sẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀. "Mo fi èyí jókòó níwájú ọba." Ó fa Twumasi lọ́wọ́, ó sì mú un lọ sí ilé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí fẹ́ mú Twumasi káàkiri ìlú láti dúpẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá dìde àìsàn. Ìyá ọmọ ní í ṣíwájú irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Afrakoma wọ funfun, ó fi ẹfun pa ọrùn bí aláyọ̀ ti ń ṣe níbẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Gyamera.

"Ta lò ń bá yọ̀?" ni Gyamera bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ni."

"Ọmọ tìẹ wà ní Ítálì. Ilé ìwòsàn ni eléyìí ti bọ̀. Lọ dúró de tìẹ. Tó bá dé, kó o wọ funfun."

Afrakoma yíjú sí Twumasi. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó sì tẹ̀lé Wọ̀fá rẹ̀. Wọ́n ń kọrin kọjá lọ, wọ́n fi obìnrin aláṣọ funfun sílẹ̀ láàárín títì. Birago tó wà lẹ́yìn wọn bojú wẹ̀yìn.

"Tí ọmọ ẹ bá ń bọ̀, kó bá mi ra bàtà."

Ẹ̀yin òbí, àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín, ọmọ tó ti ilé ìwòsàn dé kì í sì í ṣe ẹrù òfin tí à ń fi pamọ́. Ilé ló ń wá, kì í ṣe òkìkí. Ẹni tó bá sẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú kò ní rí i pè ní tirẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. Purọ́-kí-n-níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá.