Ilẹ̀kùn Tó Mọ Ohùn Àsàbí

Fadérera bímọ l'Ékòó. Ìyá rẹ̀, Àsàbí ará Ìbàdàn, sì dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí.

Ilẹ̀kùn, tí Fadérera ti fi ohùn ìyá rẹ̀ sí láti orí fóònù, kí i. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ pe 'ṣúgà' kí n fi ohùn dá yín mọ̀."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Àsàbí ti ń kọ́ láti pe 'ṣ' bí ará Èkó, kí àwọn àna má baà fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó rọra ní, "Ṣúgà."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ìyàwó."

Ọmọ tuntun ké nínú ilé. Ni Àsàbí bá fárígá. "Kí ló ń se ọ́, ìwọ ilẹ̀kùn yìí? Súgà! Sí fún mi!"

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Àsàbí gba ọmọ mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká sàdúrà," ló wí, àwọn àna sì ń ṣe àmín.