Bí Mo Ṣe Fi Ọkọ̀ Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ bá ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ẹ̀gbọ́n pe Àbúrò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó ní kó máa tan ẹ́ńjìnnì láràárọ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe wà á kọjá géètì.

"Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n ṣe bá a," ó ní. "Bí mo bá bá a bẹ́ẹ̀, o ṣeé fi nǹkan sí níkàáwọ́ nìyẹn. Màá fún ọ, wàá máa fi kó èrò."

Àbúrò dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti dá a dúró, ẹ̀wù tó fi ń wá iṣẹ́ ti rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ó pa òfin mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé àwọn tí wọ́n jọ jáde ní poli, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó ṣí géètì. Lójú ọ̀nà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan tí kì í ṣe ti wíwà. Ẹnu rẹ̀ ló ń lò: ó ń kọ́ bí yóò ṣe sọ láìṣẹ́jú pé òun ra ọkọ̀.

Ó kọjú ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, ó fi iná rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i. Wọ́n rí i. Nígbà tí ìpàdé tú, ẹ́ńjìnnì kàn wúkọ́, ó dákẹ́. Àwọn tó parọ́ fún náà ló tì í, tàwọn tẹ̀wù ìmúròde.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọlọ́kọ̀, tó o bá fẹ́ ra òmíràn, tètè sọ fún wa, ká lè wọ bàtà tó yẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ó tú bátìrì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ iná sí i. Ìgbà tó dá a padà, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní poli: irú rédíò tó wà nínú ọkọ̀ yìí máa ń ti ara rẹ̀ tí iná bá já, àfi téèyàn bá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, kó má baà wúlò fún olè. Ó tẹ̀ ẹ́ láti wò ó. Lóòótọ́, ó ń béèrè nọ́ńbà. Àbúrò jókòó, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà, olè, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n pè. Ó béèrè ọkọ̀ kó tó béèrè àlàáfíà.

"Ó wà bó ṣe wà, bọ̀dá mi."

Àbúrò tún la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo ń sọ fún ìyàwó mi ni, pé ìwọ nìkan ni mo lè fọkàn tán kí n sì sùn." Àbúrò kàn ní kí wọ́n bá òun kí ìyá ọmọ. Oúnjẹ tó sè lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ìkòkò ló sùn sí.

Ó fi nọ́ńbà ilé dán rédíò wò, ó fi ọdún tí wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n dán an wò. Rédíò kọ̀. Ó wá ki wáyà tín-ínrín méjì bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fà á jáde jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ eyín ọmọ tó sùn. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Dókítà.

Dókítà béèrè ẹni tó ni ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló rán mi."

Dókítà fi àtàńpàkò nu bọ́tìnì kan, ó wo eruku tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó dún kẹ́yìn. Àbúrò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni Dókítà wí, bí ẹni tí kì í bá oníbàárà jiyàn. Ó ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rédíò sínú fóònù fún ẹnì kan, ẹni náà sì sọ nọ́ńbà mẹ́rin padà fún un.

Nílé, Àbúrò tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rédíò sọ̀rọ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ń ronú ìkànnì tí Ẹ̀gbọ́n máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fi ọkọ̀ náà gbé e, orin tí tọkọtaya náà ń kọ láti géètì dé géètì nìkan ló rántí. Ó yan ti ìròyìn, nítorí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó da epo tó jó padà, ó fọ ọkọ̀, ó nu eruku kúrò lára gbogbo bọ́tìnì, ó fi rédíò sílẹ̀ ní títàn kí iyèméjì má baà sí.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà nìyí," ó ní. "Bọ́ sẹ́yìn, ká yí àdúgbò po. Tá a bá dé, kọ́kọ́rọ́ ti di tìẹ."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, ó ti ń tún ọ̀fun ṣe fún orin. Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Oníròyìn kan kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta káàárọ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Níjòkòó ẹ̀yìn, Àbúrò mí kanlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yìí ni rédíò yìí ti ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi, Àbúrò, ta ló wá dá a lóhùn?"