Ọ̀bẹ Tó Le Jù

Ọ̀bẹ kẹrin rèé tí Tíṣà ń tì padà síwájú alátẹ.

"Èyí náà tún ń tètè ṣí."

Alátẹ ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ọ̀bẹ àpò ni gbogbo wọn, èyí téèyàn ń fi èékánná fa ojú ẹ̀ yọ lára èèkù. Ta ni kì í fẹ́ èyí tó ń tètè ṣí?

"Àǹtí, ṣé torí àwọn jàgùdà ni ẹni tó ń pè yín lórí fóònù ṣe ń pariwo yẹn? Wọn ò ní dúró dè yín kẹ́ ẹ ṣí i o!"

Fóònù Tíṣà tún ti ń dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára!"

Ọwọ́ rẹ̀ ba ọ̀kan tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ páálí. Ó fà á, kò mira. Ó tún fà á, èékánná rẹ̀ ṣẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí gan-an ni mò ń wá."

"Ẹ jẹ́ n kán òróró sí i—"

"Ẹ má dán an wò!"

Eré ló sá délé. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣì wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ó ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wá ọ̀bẹ. Ọjọ́ tó fẹ́ gbẹ́ àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ pẹ́ńsù ni wọ́n ti gba ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀.

Tíṣà rọra ki ọ̀bẹ náà bọ̀ ọ́ lápò.

Bàbá fọwọ́ kàn án. Ó fà á, kò ṣí. Ara rẹ̀ wá balẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ ṣeun, màdáámú. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tíṣà ni ọmọ mi obìnrin. Tó bá dé, á bá mi ṣí i."